Ìwé Kékeré, Iṣẹ́ Ńlá: Ìtàn Àwọn Onímọ̀ Tí Wọ́n Kọ̀wé Fún Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

  

Ẹ̀yin ará mi nínú Islam, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, nígbàkígbà tí a bá gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí ilé-kéwú tàbí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, iṣẹ́ kan wà tí ó gbọ́dọ̀ di ṣíṣe kí kíláàsì tó wọlé. Ẹnìkan ní láti jókòó, kí ó kọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò kọ́kọ́ kà: kí ni ìmọ̀ yìí, ibo ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó lọ síwájú. Ní ibi púpọ̀, olùkọ́ tí ó kéré jù ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ náà fún. Èrò àwọn ènìyàn ni pé iṣẹ́ ọmọdé ni, pé àgbà onímọ̀ kò ní ohun tí ó fẹ́ ṣe nídìí álífù àti báà.

Ìtàn ẹ̀sìn wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ wo àwọn tí wọ́n kọ ìwé àkọ́kọ́ tí àwa àti àwọn bàbá wa kà, kí a lè mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, kí a sì mọ ohun tí wọ́n mọ̀ tí a ti ń gbàgbé.

Malik Kékeré àti ìwé àwọn ọmọdé

Ní ìlú Qayrawan, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí, àáfà ńlá kan gbé ayé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ibn Abi Zayd. Ọdún 310 Hijira, ìyẹn 922, ni wọ́n bí i, ó sì padà sí ọ̀dọ̀ Olúwa rẹ̀ ní 386 Hijira, ìyẹn 996. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Malik Kékeré, nítorí pé kò sí kọ̀rọ̀ kan nínú mazhab Imam Malik tí kò mọ̀. Ó kọ ìwé kan tí ń jẹ́ Nawadir, níbi tí ó ti kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà mazhab náà jọ. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé náà jáde láyé òde òní, ìdìpọ̀ 15 ni ó jẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Nawadir ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Risala ni. Ìwé kan ṣoṣo ni Risala, ó sì sọ ìdí tí òun fi kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe àkójọ kúkúrú lórí ohun tí ó jẹ́ ọ̀ranyàn nínú ẹ̀sìn, kí wọ́n lè máa fi kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní lẹ́tà Àlùkùránì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé Muhriz ibn Khalaf ti ìlú Tunis, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, ni ó bẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo bí ó ṣe tò ó. Ohun tí ọkàn yóò gbàgbọ́ tí ahọ́n yóò sì sọ ni ó kọ́kọ́ mú wá. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́tótó, ìrun, ààwẹ̀, zakat àti hájì. Ìgbéyàwó, òwò àti ogún tẹ̀lé wọn. Ní ìparí, ó sọ bí a ṣe ń jẹun, bí a ṣe ń kí ara ẹni, àti ìwà ọmọlúàbí nínú ìrìn-àjò. Ẹni tí ó bá kà á tán ti mọ bí Mùsùlùmí ṣe ń gbé ayé láti òwúrọ̀ di alẹ́, láti ọmọdé di ọjọ́ ikú. Ibn Abi Zayd mọ gbogbo àríyànjiyàn tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà, àríyànjiyàn náà ni ó kún inú Nawadir. Ó mọ̀ ọ́n mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni, nítorí ọmọ tí ó ń bọ̀ wọlé.

Ọkùnrin tí ó lè kọ ìdìpọ̀ 15 ni wọ́n ní kí ó kọ ìwé ọmọdé, kò sì sọ pé iṣẹ́ náà kéré sí òun. Ẹni tí ó bá ti rin igbó dé òpin ni ó lè fi ojú ọ̀nà han àlejò.

Láti 2,700 sí 1,000, títí dé ojú ewé díẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí fíkíhì, kí a wá sórí nahw, ìyẹn gírámà èdè Lárúbáwá. Ibn Malik jẹ́ ọmọ ìlú Jayyan ní Andalus, ilẹ̀ tí ó di Sípéènì lónìí. Ó lọ sí ìlà-oòrùn, ó sì di ọ̀gá nínú nahw ní Damascus. Ó kọ́kọ́ fi ewì kọ gírámà náà ní ìlà tí ó lé ní 2,700. Lẹ́yìn náà ni ó padà mú ìwé ara rẹ̀, ó gé e kù sí bí ìlà 1,000. Ìyẹn ni Alfiyya, tí orúkọ rẹ̀ ti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ẹgbẹ̀rún wá. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti kọ nǹkan rí mọ̀ pé ó rọrùn láti gé iṣẹ́ ẹlòmíràn ju kí á gé tiwa lọ.

Ibn Malik kú ní 672 Hijira, ìyẹn 1274. Ní ọdún Hijira kan náà ni wọ́n bí ọmọ kan ní ìlú Fez ní Mòrókò, tí a wá mọ̀ sí Ibn Ajurrum. Ọmọ ẹ̀yà Sanhaja ni, ìyẹn ni pé Bẹ́bà ni, kì í ṣe Lárúbáwá. Orúkọ Ajurrum fúnra rẹ̀, èdè Bẹ́bà ni. Ó túmọ̀ sí olùfọkànsìn tí ó fi ayé sílẹ̀. Ọkùnrin yìí ni ó kọ Ajurrumiyya kí ó tó jáde láyé ní 723 Hijira, ìyẹn 1323.

Ojú ewé díẹ̀ ni Ajurrumiyya. Ìwọ tí o bá ti kà á, o rántí bí ó ṣe ń ka nǹkan lé ara wọn. Oríṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà: ism, fi'l àti harf. Àmì raf' jẹ́ mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó máa ń gba raf' jẹ́ méje, èyí tí ó máa ń gba nasb jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ lè fi ìka rẹ̀ kà á. Kò dá sí ìjà àwọn onímọ̀ Basra àti ti Kufa, kò sì bi ọmọ náà pé kí nìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí. Ó kàn fún un ní ilé tí yóò kó ìmọ̀ sí, yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Ìwé kékeré yìí rìn jìnnà ju ẹni tí ó kọ ọ́ lọ. Ní 1592, nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì jẹ́ nǹkan tuntun fún èdè Lárúbáwá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Róòmù, kí àwọn ará Yúróòpù lè fi kọ́ èdè náà. Ìlú tí kì í ṣe ti Mùsùlùmí wá ọ̀nà tí yóò gbà wọ inú èdè Àlùkùránì, ìwé tí Bẹ́bà kan kọ fún àwọn ọmọ kéwú ni wọ́n rí mú.

Ìkìlọ̀ Ibn Khaldun

A lè rò pé ìtàn náà parí síbẹ̀: bí ìwé bá ti kúrú, ó ti dára fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Onímọ̀ kan dìde tí ó ní kí a dúró ná.

Ibn Khaldun, tí wọ́n bí ní Tunis ní 1332 tí ó sì kú ní Cairo ní 1406, kọ orí kan nínú Muqaddima rẹ̀ pé àwọn ìwé àgékúrú tí ó pọ̀ jù ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Ó dárúkọ àwọn ọ̀gá tí wọ́n kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, Ibn Malik sì wà nínú wọn. Àlàyé rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá fún ọ̀rọ̀ púpọ̀ sínú gbólóhùn kékeré, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun yóò ṣe wàhálà méjì. Yóò kọ́kọ́ tú gbólóhùn náà bí ẹni tí ń tú okùn tí ó lọ́ pọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó wá ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Ìparí ìmọ̀ ni wọ́n gbé fún ẹni tí kò tíì ṣetán fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó wá sọ ọ̀nà tí òun rí pé ó tọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí a gba inú ìmọ̀ kan kọjá. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn kókó orí kọ̀ọ̀kan ní ṣókí, ní ìwọ̀n tí làákàyè rẹ̀ lè gbé. Ní ìgbà kejì, kí a padà síbẹ̀ pẹ̀lú àlàyé tí ó kún jù, kí a sì sọ ibi tí àwọn onímọ̀ ti yàtọ̀ síra. Ní ìgbà kẹta, kí a má fi ìṣòro kankan sílẹ̀ láìtú. Ó tún kìlọ̀ pé líle mọ́ ọmọ ní ìdí ẹ̀kọ́ ń pa á lára, ó ń kọ́ ọ ní irọ́ àti ẹ̀tàn.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Ibn Khaldun kò ní kí a má kọ ìwé kékeré. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sọ, kékeré náà ni. Ohun tí ó ń bá jà ni ìwé ńlá tí a kàn fún mọ́ra. Ìyá kì í fún ọmọ oṣù mẹ́fà ní iyán kékeré. Ẹ̀kọ ni ó ń fún un. Iyán kékeré, iyán náà ni. Kúkúrú yàtọ̀ sí rírọrùn. Ìwé tí ó yẹ ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti kọ́kọ́ ro ẹni tí yóò kà á, kí ó tó ro ohun tí òun mọ̀.

Bí ẹ bá sì béèrè pé, kí ló dé tí Alfiyya àti Ajurrumiyya fi wà di òní, ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn bàbá wa kì í fi wọ́n sílẹ̀ fún ọmọ láti dá kà. Ọmọ á há a sórí, àáfà á jókòó tì í, á tú u fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà jẹ́ èèkàn, àáfà ni okùn. Ẹni tí ó bá yọ àáfà kúrò, tí ó wá gbé ìwé nìkan fún ọmọ, ìkìlọ̀ Ibn Khaldun ti dé bá a.

Ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 21

Ìtàn tí ó tẹ̀lé yìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mo mú un wá fún. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ní agbègbè Biskra ní Àljéríà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Abd al-Rahman al-Akhdari fi ewì kọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Sullam, fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mantiq, ìyẹn ìmọ̀ ríronú lọ́nà tí ó tọ́. Àkàbà ni ìtumọ̀ Sullam. Ó parí rẹ̀ ní 941 Hijira, ìyẹn 1534. Ní ìparí ewì náà, ó bẹ àwọn òǹkàwé pé kí wọ́n má bá òun wí jù, nítorí ọmọ ọdún 21 ni òun. Títí di òní, àwọn àgbà tí irùngbọ̀n wọn ti funfun ń kọ́ ìwé ọmọ ọdún 21 yìí.

Al-Akhdari kan náà ni ó kọ Mukhtasar tí ọ̀pọ̀ ilé-kéwú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń bẹ̀rẹ̀ fíkíhì. Ó pàṣẹ pé kí ènìyàn kọ́kọ́ tún ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe, kí ó sì kọ́ ohun tí ó jẹ́ ọ̀ranyàn lórí òun fúnra rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí ìmọ́tótó, ó dé orí ìrun, ó sì parí sórí àtúnṣe ìgbàgbé inú ìrun. Kò sí òwò níbẹ̀, kò sí ogún. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà lè má ní dúkìá tí yóò pín, ṣùgbọ́n ìrun Àsùbáà ń dúró dè é lọ́la. Al-Akhdari fi ohun tí yóò lò lọ́la lé e lọ́wọ́ lálẹ́ òní.

Wàláà, Markaz àti Mọ̀dínà

Kí àwọn ìwé wọ̀nyí tó kan ọmọ Yorùbá lọ́wọ́, wàláà ni ó kọ́kọ́ ń rí. Àáfà á fi gègé àti tàdáwà kọ ìwọ̀nba tí ọmọ náà lè gbé sórí wàláà. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ òmíràn. Àwọn kan ń fi wàláà ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: wàláà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tí olùkọ́ kọ fún ọmọ kan ṣoṣo, ní ìwọ̀n agbára ọmọ náà ní ọjọ́ náà. Ìwé ìtẹ̀jáde wo ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, tí ayé sì yí, wàláà nìkan kò tó mọ́. Sheikh Adam Abdullah al-Ilori, tí wọ́n bí ní 1917, dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ti jókòó ní kíláàsì, tí wọ́n ń lọ láti ìpele kan dé òmíràn pẹ̀lú ìwé tí ó bá ìpele wọn mu. Sheikh kọ̀wé fún àwọn onímọ̀, ó sì kọ̀wé fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé rẹ̀ kan, Mujaz Tarikh Nayjiriya, orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìtàn Nàìjíríà ní ṣókí. Ó jáde láyé ní 1992. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Ní ìlú Mọ̀dínà náà, ní Yunifásítì Islam tí ó wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń dé láìgbọ́ èdè Lárúbáwá. Ẹni tí ó kọ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù fún wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n V. Abdur Rahim, ọmọ Íńdíà, tí ó jáde láyé ní 2023. Ìwé rẹ̀ kò fi ìtumọ̀ ìmọ̀ nahw bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "hādhā" ni ó fi bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń na ìka sí nǹkan tí ó wà níwájú rẹ̀.

Sibawayh tí ó kọ ìwé nahw àgbà jùlọ, ará Páṣíà ni. Ibn Ajurrum, Bẹ́bà. Abdur Rahim, ará Íńdíà. Ẹni tí wọ́n bí sínú èdè lè má mọ ibi tí òkúta wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọ òkúta náà ni ó lè sọ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé, ṣọ́ra níbí.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò kọ ìwé fún ọmọ Yorùbá? Àwọn ìwé tí a dárúkọ yìí, kò sí èyí tí wọ́n kọ nítorí ọmọ tí ó ń ronú ní èdè wa.

Ẹ wo àpẹẹrẹ díẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí kò tíì kọ́ kéwú rárá ti mọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá púpọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa: àlàáfíà, àlùbáríkà, wákàtí, sánmà, àsírí, fìtílà, àlùbọ́sà. Ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ yóò là. Ó máa mọ̀ pé òun kò wá sí ilé àjèjì.

Ní ọwọ́ kejì, èdè wa kò pín ọ̀rọ̀ sí akọ àti abo. "Ó dé" ni a ń sọ bí àbúrò wa ọkùnrin bá dé, òun náà ni a ń sọ bí ti obìnrin bá dé. Lárúbáwá ní huwa àti hiya. Kódà oòrùn jẹ́ abo, òṣùpá jẹ́ akọ. A máa ń sọ ìwé, ìwé méjì, àwọn ìwé, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Lárúbáwá yóò sọ kitābun, kitābāni, kutubun. Ibí yìí ni ó yẹ kí ìwé tiwa ti rìn jẹ́jẹ́. Bákan náà, ọmọ tí a ti kọ́ pé kí ó máa sọ "ẹ" fún bàbá rẹ̀, ojú á tì í láti sọ "anta". Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń dákẹ́ ní kíláàsì, àṣé ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ni ó pa á lẹ́nu mọ́. Ìlà méjì péré nínú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ lè tú u sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, kí a tó kọ ìwé fún kíláàsì tuntun, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ohun mẹ́ta. Ta ni yóò kà á? Kí ni yóò lò lọ́la nínú rẹ̀? Kí ni mo lè fi sílẹ̀ di ìgbà kejì? Ìbéèrè kẹta ni ó le jù, nítorí ìmọ̀ a máa gùn wá bí ẹṣin, a ó fẹ́ fi hàn pé a mọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá wà lórí ìwé kékeré fún ìgbà pípẹ́, ẹ má kánjú mú un kúrò níbẹ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó yé e. Iye ìwé tí ó ti parí kọ́ ni ó ṣe pàtàkì. Ọmọ púpọ̀ ni ó fi ilé-kéwú sílẹ̀, tí a ní orí rẹ̀ kò gbé e. Orí wọn pé. Iyán ni a fún wọn nígbà tí ẹ̀kọ tọ́ sí wọn, wọ́n sì gbé ẹrù pé àwọn kò lè kọ́ èdè Àlùkùránì dé ọjọ́ alẹ́ wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rántí ọmọ ọdún 21. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá di àáfà àgbà. Ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tí ó yé yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn yín ní ìgbésẹ̀ kan, kí ẹ sì gbé e fún olùkọ́ yín yẹ̀ wò kí ó tó jáde. Ibn Abi Zayd ti lọ láti ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé, ọmọ kan sì ń fi ìwé rẹ̀ kọ́ alùwàlá ní òwúrọ̀ yìí. Irú sàdáákà bẹ́ẹ̀ kì í tán.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn tí wọ́n la ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Kí Ó fi àlùbáríkà sí ọwọ́ gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ ọmọdé, kí Ó sì jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọ wa nínú ìmọ̀ rọrùn, kí òpin rẹ̀ sì dára. Àmín.